Ìkíni Tí Agogo Gbà Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Nínú ilé wa ní Agége, a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Ìyá Àgbà bá wọlé tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni, ògiri ni wọ́n máa kí. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ tí wọ́n kí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kan tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ tí kò kọṣẹ́: "O kú iṣẹ́ o, o ò dójú tì wá." Wọn á kí oníkẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́, wọn á kí i bí wọ́n bá jókòó tán, wọn á sì tún kí i nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Èmi tí mo máa ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, bí mo bá ṣèèṣì bá wọn jáde láàárọ̀, mo ti mọ̀ pé mo ti pẹ́ nìyẹn.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Sàlámátù lórúkọ wọn, ṣùgbọ́n Alhaja Ẹ-kú-iṣẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú òjò, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àìríná. Kò sí ipò tí ọmọ aráyé lè wà tí wọn ò ní ìkíni tirẹ̀ lẹ́nu. Bí mo bá kùn pé ó ti pọ̀ jù, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún mi: "Àníkẹ́, ẹni tí o bá kí dáadáa, o ti bá a sọ ìdajì ọ̀rọ̀."

N kò fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an, bó bá ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìwà wọn ni mo mọ̀, ìwà yẹn náà ló sì ń wù mí láti sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà. Ìyá Délé, ará Ìjẹ̀bú tí ilé wọn fara ti tiwa, kọjá lójúlé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan láì kí ẹnikẹ́ni. Omi ìdọ̀tí ilé wa ló ń ṣàn lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, inú sì ń bí wọn. Ẹlòmíì ìbá dijú, kí oníkálùkù máa ṣe tiẹ̀. Ìyá Àgbà ò dijú. Láti ọjọ́ kejì, àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró sẹ́nu géètì de Ìyá Délé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ò kí mi. Ẹ kú ìbínú o. Ṣé ìbínú náà jí dáadáa?"

Ìyá Délé á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á kọjá. Ojú á máa tì mí nínú ilé. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyá Àgbà béèrè bóyá ìbínú náà ti jẹun. Ìyá Délé fẹ́ mójú le, kò ṣeé ṣe, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fọwọ́ di ògiri mú.

"Alhaja, ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre! Ẹ óò pa mí!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pe bíríkìlà, ilé méjèèjì sì jọ tún gọ́tà náà ṣe. Láti ìgbà yẹn, bó bá di Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ wa ni ìrẹsì Ìyá Délé ń kọ́kọ́ yà. Bó bá di Iléyá, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹran wa ń kọ́kọ́ lọ. Mo bi Ìyá Àgbà bóyá kò ṣe wọ́n bí ìtìjú pé àwọn àgbà ló ń sáré kí ẹni tó kéré sí wọn. Wọ́n ní, "Ìtìjú kẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ kí èèyàn ló borí ìjà."

Èèyàn tó rí báyìí, kò sẹ́ni tó lè rò pé ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni Ìyá Àgbà ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Olórí àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì sínú páálí ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún wọn, ọ̀gá fa máìkì lé wọn lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ jókòó síwájú, wọ́n ń retí. Ọ̀rọ̀ bá kú mọ́ Ìyá Àgbà lẹ́nu. "Ẹ ṣé" nìkan ni wọ́n rí sọ, ni wọ́n bá dá máìkì padà. Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n jókòó sórí àga láì tú gèlè, omi sì ń dà lójú wọn. "Àwọn tí a jọ jìyà, n ò lè kí wọn pé ó dìgbà," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Ohun tó gbé wọn dé ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò ni. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Ọlọ́rọ̀ ni Ìyá Àgbà sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ń pè é. Ìkẹjà ni olú ẹgbẹ́ wà, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri. Ẹ̀ka Agége ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Múfú tó ni ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀, Ìyá Títí tó ń ránṣọ wà níbẹ̀, Bọ̀dá Láńre tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló sì ń di agogo mú. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí àkókò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti pé, agogo á dún, onítọ̀hún á sì dákẹ́, ìbáà jẹ́ àárín gbólóhùn ló wà. Bọ̀dá Láńre ò mojú ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń kúrò ní ibùdó láì wo ẹ̀yìn ni agogo wọn ṣe ń dún.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀, ìkíni ló gba gbogbo àkókò wọn. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó gbá ilẹ̀ kíláàsì ni agogo dún. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì. Gbogbo ẹgbẹ́ ń bẹ̀ wọ́n: "Alhaja, ẹ dín ìkíni kù." Wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dín ṣúgà kù nínú tíì, wọ́n sì di ẹni tí èrò fẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́, àrùn náà kò tán lára wọn.

Ẹgbẹ́ yẹn ní àṣà kan. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíì á dìde, á kọ́kọ́ yìn ín, á fi ibi tó kù sí hàn án, á tún yìn ín kó tó jókòó. Ìyá Àgbà gbé àṣà yìí wálé, wọn ò sì dá a padà mọ́. Wọ́n lò ó fún ọbẹ̀ mi, wọ́n lò ó fún ìwàásù lèmọ́mù. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá fi ara ẹ̀ hàn nílé wa, tó dọ̀bálẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tí àágùn bò ó, gbogbo ilé ń wo ojú Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "O múra dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ò ń wò ṣáá, bí ẹni tí ojú rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Eyín ẹ funfun." Ọkọ mi ṣì máa ń dúró síwájú dígí di òní, á ní, "Eyín mi funfun, Alhaja ló sọ ọ́."

Nígbà tó yá, wọ́n dìbò yan Ìyá Àgbà sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́, kí wọ́n máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá kí lẹ́ẹ̀kan, dandan ni kó padà wá. Wọ́n ra bàtà tuntun torí ìpàdé ìgbìmọ̀ ní GRA Ìkẹjà. Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ìgbìmọ̀ mú àbá kan wá pé kí ẹ̀ka Agége wọnú ti Ìkẹjà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ṣe ibi. Ààrẹ ẹgbẹ́, agbẹjọ́rò obìnrin kan tó mọ ọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣàlàyé pé ẹ̀ka náà kéré, pé kì í gba àmì ẹ̀yẹ, pé gbọ̀ngàn tó tutù tó ní àga gidi wà ní Ìkẹjà. Gbogbo ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn, ó ku Ìyá Àgbà. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹ̀ka Agége bá wọnú Ìkẹjà, ó ti kú nìyẹn. Múfú ò lè fi iná búrẹ́dì sílẹ̀ lọ jókòó sí GRA. Ìyá Títí ní ahọ́n òun á tún so bí òun bá débi tí wọ́n ti ń fi òyìnbó yin èèyàn. Ìgbìmọ̀ gbà pé Ìyá Àgbà lè sọ tẹnu wọn ní àpérò ọdọọdún, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó dìbò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, lálaalẹ́, nínú pálọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára gan-an: ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lédè tó fi ń ronú, ìdí tí ẹ̀ka kékeré fi wúlò. Èmi fúnra mi ni mo gé ìkíni rẹ̀ kúrú. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wọnú ọ̀rọ̀." Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi."

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní GRA ni àpérò náà ti wáyé. Mo gbé báàgì tẹ̀lé wọn. Ìyá Àgbà jókòó sí tábìlì àwọn aláṣẹ níwájú, wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé, káàdì orúkọ wà lọ́rùn wọn. Àwọn ará Agége jókòó pọ̀ sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, bí àlejò. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé kì í mojú ẹnikẹ́ni, Bọ̀dá Láńre ni wọ́n fún ní agogo lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jókòó sí tábìlì kékeré kan níwájú pátápátá pẹ̀lú aago wọn.

Nígbà tó kàn wọ́n, Ìyá Àgbà dìde, wọ́n di máìkì mú. Wọ́n gbójú sókè wo èrò. Mo ní, Alhamdulilahi.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọnú ọ̀rọ̀.

"Mo kí Ààrẹ wa, ẹ kú ẹrù tó wà lórí. Mo kí àwọn tó se oúnjẹ tí a jẹ láàárọ̀, ẹ kú iná. Búrẹ́dì tí gbogbo yín ń yìn ńkọ́? Ẹni tó ṣe é wà nínú ilé yìí. Múfú, dìde kí wọ́n rí ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ máa ń sá fún un tẹ́lẹ̀, torí pé igbe nìkan ló mọ̀ ọ́n ké. Ẹgbẹ́ yìí ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Múfú, kí wọn."

Múfú dìde sẹ́yìn, ó kí gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó dùn. Èrò pàtẹ́wọ́. Mo fọwọ́ borí.

"Mo kí Ìyá Títí. Dìde, ìyàwó. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí pé jọ lórí ilé tó fi sílẹ̀, kò lè la ẹnu. Ó wá sọ́dọ̀ wa, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n tún pé jọ, ó dìde, ó sọ tiẹ̀ láì bú ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà ẹbí sì gbọ́ ọ. Inú ilé yẹn ni òun àti àwọn ọmọ ẹ̀ ń gbé di òní. Ìyá Títí, o kú ìfaradà."

Ìyá Títí dúró, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. Àní àwọn tó ń gbé omi kiri ti dúró láti gbọ́. Ìyá Àgbà yíjú síwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo sì kí..."

Agogo dún.

Ìyá Àgbà pa ẹnu dé. Wọn ò tíì dárúkọ àbá náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé máìkì sílẹ̀, wọ́n jókòó. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ará Agége wà.

Ààrẹ rọra ní, "Ìyá, ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ lórí àbá yìí o."

"Mo ti sọ ọ́ tán, ọmọ mi," ni èsì Ìyá Àgbà. "Àwọn tí ẹ rí yẹn ni."

Ìdìbò ò pẹ́. Àwọn tó nawọ́ pé kí ẹ̀ka Agége pa rẹ́ kéré. Àwọn tó nawọ́ pé kó dúró ló kún gbọ̀ngàn, Ààrẹ fúnra wọn sì wà lára wọn. Múfú ké Allahu Akbar, Ìyá Títí ké Halelúyà, mo sì rí ọlọ́dẹ òtẹ́ẹ̀lì tó yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn, mo ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Títí di òní, nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ bí ọgbọ́n àgbà: ìyá tó fi ìkíni jà, tó sì ṣẹ́gun.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sí Agége ni òtítọ́ ti jáde. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ejìká wọn ń mì.

"Àníkẹ́, mo gbàgbé ni."

"Ẹ gbàgbé kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ tí a kọ́! Mo ní kí n kí wọn díẹ̀ ná. Ìkíni yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu, ni agogo bá dún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Mo rẹ́rìn-ín títí oníkẹ̀kẹ́ fi bojú wẹ̀yìn. Mo wá béèrè ta ni wọ́n fẹ́ kí nígbà tí agogo dún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn.

"Láńre ni. Gbogbo wa ń gbádùn ọ̀rọ̀, aago ni òun ń wò. Ṣé o ti gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni dìde kó kí ẹni tó ń lu agogo? Mo yíjú sí i báyìí, ó sì lù ú lé mi lórí. Ó ṣe dáadáa, òfin lòfin. Àmọ́ ojú èrò ni mo ti fẹ́ kí i, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Tó bá di àpérò tó ń bọ̀, òun ni màá kọ́kọ́ kí."

Wọn ò rí àpérò tó ń bọ̀. Àìsàn náà ò le, kò sì pẹ́. Wọ́n kí dókítà, wọ́n kí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n bi èmi bóyá mo ti jẹun, wọ́n sùn. Mo sunkún, àmọ́ n ò lè sọ pé ọ̀fọ̀ ló kún inú mi. Ìyá tó gbó, tó tọ́, tó bá gbogbo aládùúgbò rẹ́ kó tó lọ, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ṣàdúrà tán nínú ọgbà ilé wa, ẹ̀ka Agége ní àwọn fẹ́ kí ẹnìkan nínú ẹbí sọ̀rọ̀ níwájú èrò bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe é. Múfú ti gbé búrẹ́dì wá. Ìyá Délé ló ń pín omi bí onílé. Bọ̀dá Láńre jókòó síwájú, agogo wà lórí itan wọn. Ẹbí tì mí síwájú.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di máìkì mú, mo rí i pé ohun kan wà tí Ìyá Àgbà ò sọ tán.

Mo kí àwọn àlùfáà. Mo kí Ìyá Délé, mo ní ẹ kú àdúgbò. Mo kí Múfú, mo kí Ìyá Títí. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí àga iwájú.

"Ó ku ẹnìkan. Ìkíni yìí kì í ṣe tèmi. Ìyá Àgbà ló ni í, agogo ló gbà á lẹ́nu wọn ní àpérò. Bọ̀dá Láńre, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíì ni mo pè. Wọ́n rọra dìde.

"Ìyá Àgbà ní kí n kí yín. Ẹ kú àkókò. Ẹ kú sùúrù. Ẹ kú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí ẹ ò rí gbádùn torí pé aago ni ẹ ń wò fún wa."

Ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, ẹbí náà pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá Láńre jókòó padà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo múra, ó sì gùn. Mo sọ ti jẹnẹrétọ̀, mo sọ ti ìbínú tó jẹun, mo sọ ti eyín ọkọ mi, èrò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé àkókò mi ti kọjá tipẹ́. Mo dákẹ́, mo wo Bọ̀dá Láńre. Aago wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò wò ó. Wọ́n gbé agogo kúrò lórí itan, wọ́n fi í sílẹ̀ lábẹ́ àga, wọ́n sì ń retí kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.